Obìnrin náà ń búra pé àbúrò mi ni. Ṣé ojú ẹlẹ́rìí lè tan ẹlẹ́rìí jẹ?

Àbẹ̀ní Aláṣọ (Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Orí mi ń gbóná ni mo ṣe kọ eléyìí, ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 23, ń tún fóònù ṣe. Lóṣù tó kọjá, àwọn méjì lórí ọ̀kadà já owó àti ẹ̀rọ POS gbà lọ́wọ́ obìnrin kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Kò sí iná ládùúgbò lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin yìí rí àbúrò mi níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, ló bá figbe ta. Ọlọ́pàá gbé e. Nígbà tí mo máa fi dé tẹ́ṣàn, òun nìkan ló wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn káńtà, kò wọ bàtà, wọ́n ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n pe obìnrin náà wọlé. IPO, ìyẹn ọlọ́pàá tó ń wádìí ẹjọ́ náà, ní, "Mọ̀mí, ṣé òun nìyí?" Ó ní òun ni, pé tí òun bá kú tí òun jí, òun ò lè gbàgbé ojú yẹn.

Ó ti wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n báyìí. Májísíréètì ní ká máa retí ìmọ̀ràn DPP, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pinnu bóyá ẹjọ́ á tẹ̀ síwájú. Mo mọ ibi tí ọmọ yìí wà lálẹ́ ọjọ́ náà: ilé mi ló wà, ó ń bá mi ká àǹkárá sínú báàgì, àtùpà la tàn.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín ni pé, kí ni mo ṣe fún obìnrin yìí? Ta ló ràn án sí wa? Ó ń sunkún, ó ń fi Kùránì búra, irọ́ ló sì ń pa. Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe irú ẹ̀?

Ọmọ Ọ̀ffà (9:31 alẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gírámà yí yín lórí, ẹ lọ bá IPO yẹn sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Gbogbo wa la mọ bó ṣe ń lọ.

Lọ́yà Ìyágankú (10:02 alẹ́)

Ọmọ Ọ̀ffà, fáìlì ti kúrò lọ́wọ́ IPO, ó ti dé ọ́fíìsì DPP. Owó tí wọ́n bá gbé fún un báyìí, wọ́n gbé e sọ sódò ni, yàtọ̀ sí pé ẹ̀wọ̀n tún wà nídìí ìyẹn náà.

Àbẹ̀ní, ẹ ń sọ ọ́ bíi pé bí kò bá ti jẹ́ òótọ́, irọ́ ló máa jẹ́. Ẹ̀kẹta wà níbẹ̀ o: àṣìmú. Ẹni tó ń purọ́ mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, tí lọ́yà bá fi ìbéèrè há a mọ́ kọ̀rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ẹni tó ṣi èèyàn mú ò mọ̀ pé òun ṣì í. Ẹkún rẹ̀, ẹkún gidi ni. Èmi ò bẹ̀rù òpùrọ́ ní kóòtù tó bí mo ṣe ń bẹ̀rù olóòótọ́ tó ṣèèṣì.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú òfin. Ní Lọ́ńdọ̀n ní 1896, wọ́n ju ọkùnrin kan, Adolf Beck, sẹ́wọ̀n ọdún méje pé ó ń lu àwọn obìnrin ní jìbìtì. Obìnrin bíi mẹ́wàá ló wò ó lójú tí wọ́n ní òun ni. Ó ṣẹ̀wọ̀n tán, ní 1904 wọ́n tún mú un, àwọn obìnrin mìíràn tún ní òun ni. Ẹlòmíì ni, ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní John Smith. Èyí tó máa ń bí mi nínú jù ni pé àkọsílẹ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n ti fi hàn látọjọ́ pípẹ́ pé Smith dákọ, Beck ò sì dákọ. Ìjọba rí i ní 1898. Nọ́ńbà ẹ̀wọ̀n Beck ni wọ́n yí padà, wọ́n fi Beck fúnra rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹjọ́ yẹn wà lára ohun tó bí kóòtù kòtẹ́milọ́rùn fún ẹjọ́ ọ̀daràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1907.

Nígbà tó di 1976, kóòtù kòtẹ́milọ́rùn wọn dá ẹjọ́ kan tí gbogbo lọ́yà mọ̀ sí Turnbull. Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí ẹ̀sùn bá dúró lórí ojú ẹlẹ́rìí nìkan, adájọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra gan-an, torí ẹlẹ́rìí tó ṣèèṣì lè dá èèyàn lójú bí oòrùn ọ̀sán. Báwo ló ṣe pẹ́ tó tó fi wò ó? Báwo ni wọ́n ṣe jìnnà síra tó? Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà? Ṣé nǹkan dí i lójú? Ṣé ó mọ̀ ọ́n rí? Ọjọ́ mélòó ló wà láàárín? Ṣé ohun tó kọ́kọ́ sọ fọ́lọ́pàá bá ẹni tí wọ́n mú mu? Àwọn kóòtù wa ní Nàìjíríà ń lo Turnbull. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ náà sọ nínú ẹjọ́ Ikemson ní 1989 pé kì í ṣe gbogbo ẹjọ́ ló nílò ká to èèyàn jọ kí ẹlẹ́rìí mú nínú wọn, ṣùgbọ́n ó pọn dandan bí ẹlẹ́rìí ò bá mọ ẹni náà rí tẹ́lẹ̀, tó sì jẹ́ pé fìrí ló rí i.

Èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn káńtà yẹn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yọ kan ṣoṣo lórí bẹ́ǹṣì, láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, kí ni mọ̀mí fẹ́ ṣà níbẹ̀?

Káyọ̀dé_UI (10:40 alẹ́)

Ẹ ṣé, Lọ́yà. Sàìkọ́lọ́jì, ìmọ̀ nípa ìrònú èèyàn, ni mò ń kà, másítà, ẹ̀ka tí mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí sì nìyí gan-an.

Àǹtí Àbẹ̀ní, ìrántí dà bí ọbẹ̀ tá a ń gbé kaná lójoojúmọ́. A bu omi díẹ̀ sí i, a fi iyọ̀ tọ́ ọ wò. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹrin, ọbẹ̀ tá a sè lọ́jọ́ kìíní kọ́ ló wà níbẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìkòkò kan náà ni, ẹni tó sì ń jẹ ẹ́ ò mọ̀.

Ní 1974, Elizabeth Loftus àti John Palmer fi fíìmù ìjàm̀bá mọ́tò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n wá bi wọ́n pé báwo ni eré àwọn mọ́tò náà ṣe tó. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n ń pààrọ̀ nínú ìbéèrè. Wọ́n bi àwọn kan nígbà tí mọ́tò "rún mọ́ra wọn", wọ́n bi àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n "kọlu ara wọn", wọ́n bi àwọn mìíràn nígbà tí wọ́n "fara kan ara wọn". Àwọn ti "rún" pe eré náà ní máìlì tó lé ní 40 ní wákàtí kan, àwọn ti "kọlu" ní 34, àwọn ti "fara kan" ní 31.8. Fíìmù kan náà o! Wọ́n wá ṣe òmíràn, wọ́n ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n rí gíláàsì tó fọ́. Kò sí gíláàsì kankan tó fọ́ nínú fíìmù náà. Nínú 50 tó gbọ́ "rún", 16 ní àwọn rí i. Nínú 50 tó gbọ́ "kọlu", méje.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo "Mọ̀mí, ṣé òun nìyí?" látẹnu ọlọ́pàá.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀)

Mo kí gbogbo ilé. Ọdún 31 ni mo fi wọ dúdú, ẹ jẹ́ kí èmi náà sọ tèmi.

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ẹ wá bá mi tò ó ní aago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n ní kí n wá èèyàn mẹ́jọ tí wọ́n ga bákan náà, tí àwọ̀ wọn jọra, kí n to àfurasí mọ́ wọn. Níbo ni kí n ti rí wọn? Mo ti lọ sí gáréèjì rí, mo bẹ àwọn ọmọkùnrin kan pé ẹ wá bá wa dúró, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kí n tó sọ̀rọ̀ tán, gáréèjì ti dá páropáro. Ta ló fẹ́ kí wọ́n na ìka sí òun ní tẹ́ṣàn? Mo parí ẹ̀ sí kí n to àwọn kọ́ńsítébù tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù mọ́ ọn. Gbogbo wọn ló sanra, àfurasí wà láàárín wọn bí igi ìṣáná.

Tí a bá ní ká da ojú ẹlẹ́rìí nù, kí ló kù fún wa? Ẹ̀rọ ìka ọwọ́? Kámẹ́rà? Obìnrin tí wọ́n jà lólè, ojú ẹ̀ nìkan ló ní.

Adéwálé Durham (3:05 ọ̀sán)

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti obìnrin kan tó fi ojú rẹ̀ ṣiṣẹ́ ju ẹnikẹ́ni lọ. North Carolina ní Amẹ́ríkà ni mò ń gbé, Burlington tó ti ṣẹlẹ̀ kò jìnnà sí mi.

Ní Oṣù Keje 1984, ọkùnrin kan já wọlé bá Jennifer Thompson lóru, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 22, ó fipá bá a lòpọ̀. Obìnrin yìí ní bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ lòun ti ń kọ́ ojú ọkùnrin náà sórí, pé bí òun bá yè é, kò ní jẹ gbé. Ọlọ́pàá kó fọ́tò mẹ́fà síwájú rẹ̀. Ó lo bíi ìṣẹ́jú márùn-ún lórí wọn, ó mú Ronald Cotton. Lẹ́yìn ìyẹn wọ́n to èèyàn méje, ó tún mú Cotton. Ẹ wò ó dáadáa: nínú àwọn méje wọ̀nyẹn, Cotton nìkan ni fọ́tò rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n wá sọ fún un pé ẹni tó mú nínú fọ́tò náà ló tún mú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Tó bá fi máa dé kóòtù ní 1985, kò sí iyèméjì kankan lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n gbére fún Cotton, wọ́n fi ọdún 50 lé e.

Cotton fúnra rẹ̀ ò ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bi í níbi tó wà lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ṣi ọ̀sẹ̀ kan mú fún òmíràn, ó sọ ibi tó wà ní òpin ọ̀sẹ̀ mìíràn. Wọ́n ní ó ń purọ́. Ìrántí obìnrin náà ṣèèṣì, wọ́n gbà á. Ìrántí ọkùnrin náà ṣèèṣì, wọ́n fi dè é.

Nínú ẹ̀wọ̀n ló ti pàdé Bobby Poole, tí ojú wọn jọ débi tí wọ́n fi ń ṣi àwọn méjèèjì pè. Poole ń fọ́nnu pé òun lòun ṣe é. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ dá ní 1987, wọ́n mú Poole wá síwájú Jennifer. Ó wo ojú ẹni tó ṣe é ní ibi, ó ní òun ò rí i rí láyé òun. Ojú Cotton ti gba àyè ojú Poole lórí rẹ̀. Àfìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA ní 1995 ló tó hàn pé Poole ni. Cotton ti lo ọdún mẹ́wàá àbọ̀ lẹ́wọ̀n.

Ìyá Ìbejì Àgbọ̀wó (3:40 ọ̀sán)

Yéè! Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a.

Lọ́yà Ìyágankú (4:12 ọ̀sán)

Màmá, ibi tó ti nira gan-an nìyẹn. Jennifer ò parọ́ rárá nínú ẹjọ́ Cotton. Òótọ́ ò rí irọ́ kankan lé bá lẹ́nu rẹ̀.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì (7:55 alẹ́)

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣe mí bákan, mi ò ní purọ́. Ó wá ku ẹyọ ìbéèrè kan: kí lẹ ní kí ọlọ́pàá ṣe? Ẹ má sọ fún mi pé kí wọ́n ra ẹ̀rọ.

Káyọ̀dé_UI (9:10 alẹ́)

Bàbá, kò gba ẹ̀rọ. Bírò àti ìwé ló gbà.

Gary Wells ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí èyí. Ní 1998, òun àti Amy Bradfield fi fídíò ọ̀daràn kan han àwọn èèyàn, wọ́n wá kó fọ́tò síwájú wọn. Ọ̀daràn náà ò sí nínú àwọn fọ́tò yẹn rárá. Gbogbo wọn ló mú ẹnì kan. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé "O káre, àfurasí náà lo mú." Àwọn yẹn ló wá ń sọ pé ó dá àwọn lójú dáadáa látìbẹ̀rẹ̀, pé àwọn rí ojú rẹ̀ kedere, pé àwọn fara balẹ̀ wò ó. Fídíò kan náà ni wọ́n wò pẹ̀lú àwọn tí wọn ò sọ nǹkan kan fún. "O káre" ló ṣe gbogbo ẹ̀.

Nítorí náà: ẹni tó ń fi àwọn èèyàn han ẹlẹ́rìí kó má ṣe jẹ́ ẹni tó mọ àfurasí, tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní lè fi ojú tàbí ikọ́ tọ́ka sí i. Kó sọ fún ẹlẹ́rìí pé ẹni náà lè má sí níbẹ̀. Bó bá ti mú, kó bi í lójú ẹsẹ̀ pé báwo ló ṣe dá a lójú tó, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó kí i kú iṣẹ́. North Carolina ti fi irú ẹ̀ ṣòfin ní 2007.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ má kà mí sí ẹni tó ní ojú ẹlẹ́rìí ò wúlò. Ìdánilójú ọjọ́ kìíní, tí wọ́n bá ṣe ètò náà dáadáa, ní ìwúwo. Wells àti John Wixted kọ ọ́ papọ̀ ní 2017. Ti inú kóòtù, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn tí gbogbo àdúgbò ti ń kí i pé o mú un, ìyẹn ni ọbẹ̀ àkanátúnkaná. Nínú àwọn tó lé ní 350 tí DNA ti dá láre ní Amẹ́ríkà, ẹlẹ́rìí tó ṣi èèyàn mú wà nínú ẹjọ́ bíi méje nínú mẹ́wàá.

Lọ́yà Ìyágankú (9:26 alẹ́)

Mo fẹ́ fi kiní kan kún un. Àṣà kíkó àfurasí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú àwọn oníròyìn, kí wọ́n máa ya fọ́tò wọn, ó ń ba gbogbo èyí jẹ́. Ẹlẹ́rìí tó ti rí ojú ẹnì kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ojú tẹlifíṣọ̀n ló máa mú lọ́la. Èkó ti fòfin dè é ní 2021.

Ìyá Ìbejì Àgbọ̀wó (9:50 alẹ́)

Káyọ̀dé ọmọ mi, wọ́n ní ìwádìí kan fi hàn pé bí ebi bá ń pa adájọ́, kì í dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣé kí Àbẹ̀ní gbé mọ́ínmọ́ín lọ fún májísíréètì ni? 😂

Káyọ̀dé_UI (10:03 alẹ́)

Mọ̀mí, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín! Ìwádìí ti Ísírẹ́lì nìyẹn, 2011, lórí ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀ kí ọjọ́ wọn tó pé. Wọ́n ní ìdásílẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní bíi 65 nínú 100, á máa rẹlẹ̀ títí á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òdo kí wọ́n tó lọ jẹun, á tún gòkè lẹ́yìn oúnjẹ. Ayé gbé e kiri. Lọ́dún náà gan-an làwọn mìíràn wò ó, wọ́n rí i pé àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí kò ní lọ́yà ni wọ́n sábà máa ń tò sí ìparí kí wọ́n tó sinmi. Ẹni tí kò ní lọ́yà, ṣé ebi adájọ́ ló ṣe é? Èmi ò gbé ìwádìí yẹn lé kóòtù lọ́wọ́.

Àbẹ̀ní Aláṣọ (Ọjọ́rú, 7:15 àárọ̀)

Mo ka gbogbo ẹ̀ lálẹ́ àná, mi ò sùn. Ohun kan wà tí mi ò sọ. Wọ́n ní kí àbúrò mi fọwọ́ sí ìwé kan ní tẹ́ṣàn. Ó ní wọ́n sọ fún un pé tó bá fọwọ́ sí i, wọ́n á jẹ́ kó lọlé.

Lọ́yà Ìyágankú (7:22 àárọ̀)

Látọjọ́ Ajé, ẹ ò sọ èyí! Ṣé lọ́yà wà lọ́dọ̀ rẹ̀? Ṣé wọ́n ká a sínú fídíò?

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn ti 2015 ní wọ́n lè ká ìjẹ́wọ́ sínú fídíò, ó sì sọ̀rọ̀ lórí kí lọ́yà tàbí ẹlòmíì tí òfin dárúkọ wà níbẹ̀. "Lè" tó wà nínú ẹ̀ ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní kóòtù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ti Èkó le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpínlẹ̀ yín ní tirẹ̀, màá wò ó. Bí wọ́n bá gbé ìwé yẹn wá, lọ́yà yín á ní kò wá látọkàn rẹ̀, adájọ́ á sì gbọ́ ìyẹn lọ́tọ̀, ẹjọ́ nínú ẹjọ́ la ń pè é.

Ẹ má sì rò pé fídíò nìkan tó. Ní New York ní 1989, àwọn ọmọkùnrin márùn-ún, ọmọ ọdún 14 sí 16, wọ inú ẹjọ́ obìnrin tí wọ́n fipá bá lòpọ̀ ní Central Park. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́wọ́ lórí fídíò. Gbogbo ayé wò ó, gbogbo ayé gbà. Ní 2002 ni Matias Reyes jẹ́wọ́, DNA sì jẹ́rìí sí i pé òun ni. Wákàtí gígùn tí wọ́n fi da ìbéèrè bo àwọn ọmọ náà, kámẹ́rà ò sí níbẹ̀. Ìgbà tí wọ́n gbà tán ni wọ́n tó tan kámẹ́rà.

Sájẹ́ńtì Fẹ̀yìntì (8:01 àárọ̀)

"Fọwọ́ sí i, wàá lọlé." Mo mọ gbólóhùn yẹn. Mo ti sọ ọ́ rí.

Àbẹ̀ní, ní kí lọ́yà rẹ wá ọ̀rọ̀ tí obìnrin náà sọ lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n jà á lólè. Kó má ṣe èyí tó sọ lẹ́yìn tí wọ́n mú ọmọ náà. Ti àkọ́kọ́. Ó máa ń wà nísàlẹ̀ fáìlì, kì í sẹ́ni tó ń kà á.

Àbẹ̀ní Aláṣọ (Ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ kejì, 8:47 alẹ́)

Bàbá, ọwọ́ lọ́yà mi tẹ̀ ẹ́. Ó wà nísàlẹ̀ bí ẹ ṣe wí. Wọ́n kọ ọ́ pé: ẹni tó wà lẹ́yìn ga, ó dúdú, ó wọ fìlà tó bo iwájú orí, òun ò rí ojú rẹ̀ dáadáa. Àbúrò mi ò ga ju èjìká mi lọ, ó sì pupa bí epo. Lọ́yà ti fi í ránṣẹ́ sí DPP pẹ̀lú lẹ́tà.

Mo rí obìnrin náà lọ́jà lánàá. Ó wá ra ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó ṣe ń ka owó, ìgbà tí ọ̀kadà kan kọjá, ó fò sẹ́yìn bí ẹni tí ejò bù jẹ. Mo ti to èébú tí mo máa bú u jọ látọjọ́ yìí. Kò jáde. Ṣé mo lè bá a sọ̀rọ̀? Kí n kàn ṣàlàyé fún un?

Lọ́yà Ìyágankú (8:52 alẹ́)

Rárá o! Ẹlẹ́rìí ìjọba ni. Ẹ má bá a sọ ohunkóhun, wọ́n á ní ẹ fẹ́ yí i lọ́kàn padà. Ìkíni pàápàá, ẹ má kí i.

Àbẹ̀ní Aláṣọ (8:54 alẹ́)

Mo ti kí i.

Lọ́yà Ìyágankú (8:54 alẹ́)

Ṣé ẹnì kan rí yín?

Àbẹ̀ní Aláṣọ (8:57 alẹ́)

Gbogbo ọjà.